Ògì Àárọ̀: Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Nínú ilé Yorùbá, oúnjẹ àárọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná tí ọmọ ilé-ìwé ń fi àkàrà mu kí ó tó jáde nílé ti wà nínú omi láti bí ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sẹ́yìn. Àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, tàbí ọkà bàbà, èyí tí ó ti wà ní ilẹ̀ Áfíríkà kí àgbàdo tó ti Amẹ́ríkà dé. Iṣẹ́ pọ̀ láàárín ọkà àti abọ́, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ó yẹ kí olùkọ́ èdè àti akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú sí, nítorí pé bí iṣẹ́ bá ti kúrò nínú ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu.

Ẹ wo ìyá àgbà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ti Èkó wá lo ìsinmi. Ọmọ náà wà ní ilé-ìwé girama. Ó mọ ògì, ṣùgbọ́n inú ọ̀rá ni ó ti mọ̀ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ cornflakes nínú páálí. Nígbà tí ìyá àgbà ní kí ó lọ mú asẹ́ wá, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni ó gbé wá. Ìyá àgbà kò bá a wí. Ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní: "Ọmọ mi, èlùbọ́ ni a ń fi ìyẹn kù. Gbígbẹ ni à ń kù, tútù ni à ń sẹ́."

"Ṣé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni, Màmá?" Ìbéèrè gidi ni ọmọ náà béèrè. Ní ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó ti kọ́ fún méjèèjì.

Wọ́n ti ṣa àgbàdo náà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sì ti rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ ni wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ìyá tí ó bí ìyá àgbà, orí ọlọ ni ó ti ń lọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ tán, eèrí dúró sínú asẹ́, omi funfun sì kún inú ìkòkò. Ọmọ fẹ́ kí wọ́n po ẹ̀kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá àgbà dáhùn pé: "Jẹ́ kí ó tòrò ná."

Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń ṣe àmín sí àdúrà pé kí ilé tòrò, kí ìlú tòrò. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún omi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó rí i pé ògì ti lọ sísàlẹ̀, omidùn sì mọ́ lókè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti fi ojú rí ìyẹn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí àwọn àgbà ń tọrọ fún ìlú.

Ìdúró náà kì í ṣe àfiṣòfò. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí, ìran Lactobacillus, ni ó ń sọ ògì di kíkan, kíkan náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn ráyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ yin àṣà kọjá òtítọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ń mú ara dàgbà nínú àgbàdo ń bá eèrí lọ, ewúrẹ́ ni ó sì ń jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ògì lásán kò fi tó ọmọ ọwọ́ tí ó ti pé oṣù 6 tí ó ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oṣòdì, FIIRO, ti fi ẹ̀wà sóyà kún ògì láti dí àlàfo yìí. Ìyá tí ó mọ ohun tí eèrí ń gbé lọ ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun fi rọ́pò rẹ̀.

Irú ìrìn àjò yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọdún 1863, ní Dansville ní ìpínlẹ̀ New York, James Caleb Jackson ṣe oúnjẹ àárọ̀ kan tí ó pè ní Granula. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti rẹ ẹ́ mọ́jú kí ó tó ṣeé jẹ. Láti ibẹ̀ ni orúkọ granola ti jáde. Ní ọdún 1906, Will Keith Kellogg dá ilé-iṣẹ́ cornflakes sílẹ̀ ní Battle Creek, páálí sì gba orí tábìlì. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ti padà sí yíyan granola nínú ilé, pẹ̀lú oyin àti èso ẹlẹ́po. Ọ̀nà àbọ̀ kò dí mọ́ wọn, nítorí pé ìlànà rẹ̀ wà ní kíkọ ní èdè wọn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú fi ẹ̀rí mìíràn sílẹ̀. Ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil, àwọn obìnrin ṣì ń din acarajé ní ẹ̀bá títì. Ní Cuba, ekó ṣì wà nínú oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ òrìṣà. Èdè Yorùbá kò sí lẹ́nu wọn mọ́ fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ibi tí iṣẹ́ náà kù sí ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ẹ̀kọ àti ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ Yorùbá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ béèrè nílé bí wọ́n ti ń ṣe ògì, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, láìfi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan là á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá wọ́n ní ibì kan, kí ó padà lọ béèrè, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.