Ta Ni Yóò Buwọ́ Lùwé?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbàkúùgbà tí a bá péjọ, a máa ń yin èdè wa pé kò sí ohun tí kò lórúkọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tì, tí ǹ bá fi pe obìnrin tí ó tọ́ mi dàgbà. Ìyàwó bàbá mi ni. Èyí sọ ohun tí ó jẹ́ sí bàbá mi; kò sọ ohun tí ó jẹ́ sí mi. Àǹtí ni mo ń pè é.

Ṣọ́jà ni bàbá mi, inú bárékè ní Ìbàdàn ni a sì ń gbé. Ìyá mi ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ti lọ sí Kàdúná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni àwọn ọmọ ogun ECOMOG gúnlẹ̀ sí Monrovia ní Làìbéríà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó bàbá mi náà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Kí ó tó lọ, ó ṣètò pé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ máa gba apá kan nínú owó oṣù rẹ̀ fún ìtọ́jú mi. Kò burú lójú ẹnikẹ́ni, nítorí pé ní àṣà wa ẹbí bàbá ló ni ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Àǹtí ni ẹnu tí ń jẹun wà. Owó a dé lóṣù kan, oṣù méjì a sì kọjá láìsí kọ́bọ̀. N kò pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní olè. Ọmọ mẹ́jọ ni òun náà ń bọ́. Àkàrà tí Àǹtí ń dín ní ọjà máàmì ni ó ń san owó ilé ìwé mi.

Lọ́jọ́ kan mo já bọ́ lórí igi máńgòrò, apá òsì mi dá. Àǹtí gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ìwé wá, Àǹtí ti mú bírò lọ́wọ́. Ni nọ́ọ̀sì bá wò mí, ó ní, “Ṣé ìyá rẹ nìyí?”

Mo ní, “Rárá o. Ìyàwó bàbá mi ni.”

Bóyá ìgbéraga ọmọdé ni, bóyá àárò ìyá mi ló ń sọ mí. Nọ́ọ̀sì gba bírò náà padà. Ó ní àfi bàbá, tàbí ìyá, tàbí ẹbí bàbá. Àǹtí kò bá mi wí. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi nílé, ọjọ́ kẹta ni àwọn méjèèjì tó dé. Títí di òní apá náà kò nà tán.

Mo ti ka òfin díẹ̀ láti ìgbà náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ òbí tàbí alágbàtọ́, bí agbára wọn bá ti mọ, ọmọ sì lè béèrè rẹ̀ ní kóòtù. Ó dára. Òbí sì lè yan ẹni tí yóò jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ lẹ́yìn ikú òun. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò kú. Ogun ló lọ. Ìgbéyàwó nìkan kò sì sọ irú Àǹtí di alágbàtọ́ lójú òfin, bí ó ti wù kí àkàrà rẹ̀ pọ̀ tó.

Ní 1998 wọ́n tún rán bàbá mi lọ sí Sierra Leone. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ́kọ́ lọ búra ní kóòtù, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé Àǹtí ni alámòójútó mi, òun ni yóò sì máa gba owó. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo ti ga jù ú lọ. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. N kò rí i kí ó mú un jáde rí.