Àpótí Abẹ́ Ibùsùn Mi

Lọ́jọ́ tí mo tú àpótí abẹ́ ibùsùn mi, aṣọ 16 ni mo bá níbẹ̀ tí àlùmọ́gàjí kò tíì kàn. Aṣọ ìbora alábùlẹ̀ ni mo máa ń rán bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé: màá gé àǹkàrá wẹ́wẹ́, màá tò ó sórí ẹní, màá rán an pọ̀ títí yóò fi tó ènìyàn méjì bora. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún ọkọ mi pé eré tí kò ní í náni lówó ni. Àkísà ṣá ni. Kò bá mi jiyàn. Òun náà ló bá mi wọ́ àpótí náà jáde, tó ní ẹ̀yìn ń ro òun.

Bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ ló kó bá mi. Yáàdì 6 ni wọ́n ń ká àǹkàrá tó dára sí, torí ẹni tó fẹ́ rán ìró àti bùbá. Èmi, ohun tí mo ń wá lára rẹ̀ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ: ewé aláwọ̀ aró kan báyìí tí yóò bá pupa tó wà nílé mu. Oníṣòwò lè gé yáàdì 2 fún ọ, ṣùgbọ́n kó tó gé e, á ti pe orúkọ aṣọ náà fún ọ. Láti Lómè dé Àbíjàn ni àwọn obìnrin aláṣọ ti ń sọ àǹkàrá lórúkọ: "Apá ọkọ mi ká a", "Bí o bá jáde, èmi náà á jáde". Lọ́jà Pobẹ̀, wọ́n á tún fi kún un pé, "Tàǹtí, èyí nìkan ló kù o." Orúkọ ni mo ń rà. Aṣọ kàn ń bá a wálé ni.

Ìyá mi kò jẹ́ ra orúkọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, tí wọ́n já owó sẹ́fà wálẹ̀, tí fráǹkì Faransé kan tí à ń fi 50 sẹ́fà gbà di 100, aṣọ Vlisco tó ń ti ilẹ̀ Hòláńdì wá di ohun tí ọ̀pọ̀ ń fi ojú lásán rà. Èékù aṣọ tí kò tó ìka mẹ́ta, ìyá mi kì í jù ú nù.

Ìyá aránṣọ kan ní Ṣákẹ́tẹ́ ló là mí lójú. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wá èékù díẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpò kan sí mi. "Ọmọ mi, gbé e lọ kí n ráyè jókòó." Ọṣẹ àti òwú ìránṣọ ni mo fi dúpẹ́.

Ní ìlú yẹn kan náà ni mo ti wo egúngún kan. Bó ṣe fò yí po, abala ara rẹ̀ fẹ́ sókè, etí wọn ṣe ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Mo rí àwọn tó wà lábẹ́: aró tó ti ṣá, pupa tó ti di àwọ̀ ilẹ̀. Tuntun ni wọ́n ń rán lé ògbólógbòó. Gbogbo aṣọ tí ilé tó ni egúngún náà ní fún un, ara rẹ̀ ló wà. Kò sí ìkankan nínú àpótí.

Ni mo bá ra ìwé kan, mo ń kọ ìnáwó sílẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín: òwú ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ. Òwú olówó pọ́ọ́kú ni mo ń rà, ó ń já lẹ́nu abẹ́rẹ́, mo ń tú iṣẹ́, mo ń ra òmíràn. Ní báyìí, ẹyọ kan tó le ni mò ń rà. Bí mo bá ń lọ ọjà, mo máa ń mú ègé aṣọ tí mo fẹ́ bá mu dání, owó tí mo sì mú lọ kì í tó yáàdì 6.

Ó di oṣù kẹta. Aṣọ 11 ló kù nínú àpótí.