Abà Tí Ó Ń Rìn

Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti rí ọkọ̀ mi ní ìpàdé wa ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni mò ń fi yàrá orí ọkọ̀ ṣe, nígbà tí ilé bàbá mi ṣì dúró ní Kétu. Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú agbo ilé wa, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ ní gbangba: ìdí tí mo fi ṣe é, bí mo ṣe kàn án, àti ohun tí àwọn àgbà sọ sí i.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí mo ń gba oríkì ìdílé àti ìtàn agbo ilé sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé oríkì kì í ṣe ohun tí a ń lọ bèèrè ní ọ̀sán gangan bí ẹni ra ẹ̀kọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ìyá àgbà fi ń ki ọmọ, nígbà tí ọmọ bá wá kúnlẹ̀ kí i. Ìtàn ìdílé ní tirẹ̀, alẹ́ ni ó dùn ún sọ, nígbà tí iṣẹ́ oko bá ti parí. Ẹ̀fẹ̀, tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, òru mọ́jú ni. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ èrò dé ní agogo mẹ́wàá, tí ó sì gbọ́dọ̀ padà ní agogo mẹ́rin, ìkíni nìkan ni yóò gbọ́.

Kò sí ilé ìtura ní ọ̀pọ̀ àwọn abúlé wọ̀nyí. Bí mo bá sì ní kí n sùn sọ́dọ̀ àwọn onílé, ẹ mọ ìwà àwọn ènìyàn wa. Ní abúlé kan ní ọ̀nà Ìlárá, opó kan fún mi ní ibùsùn rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì sùn lórí ẹní nínú ilé ìdáná. Ó pa adìyẹ kan nínú méjì tí ó ní. N kò lè kọ̀ ọ́, nítorí àbùkù ni yóò jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n n kò lè padà síbẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́ ìpadàbọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú ibi tí mo lè máa sùn láìdi ẹrù lé ẹnikẹ́ni lórí.

Èrò náà kò ti òkèèrè wá. Ìran wa kì í gbé ilé kan ṣoṣo. Ilé wà ní ìlú, abà wà ní oko. Abà kì í tóbi: òrùlé kan, ẹní kan, ibi tí a ń dáná, ìkòkò omi. Ẹni tí ó ń sùn ní abà kò kọ ilé sílẹ̀, nítorí ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Ìtàn Kétu fúnra rẹ̀, ìtàn ìbùdó lẹ́yìn ìbùdó ni. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, Òkè-Ọ̀yán ni wọ́n kọ́kọ́ dó sí; lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé ní Àrò; ní ìgbà Ọba Ẹdẹ ni wọ́n tó dé ibi tí a ń pè ní Kétu lónìí. Ọdẹ ni ó mọ ọ̀nà náà, ọdẹ sì ni alábà àkọ́kọ́. Mo wá sọ fún ara mi pé bí oko mi bá pọ̀ káàkiri láti Àjàṣẹ́ dé ẹsẹ̀ òkè Sábẹ, abà mi gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀.

Ọkọ̀ tí mo ní ni Peugeot 504 akẹ́rù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bâchée. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn ìyá wa lọ sí ọjà pẹ̀lú iṣu àti gàrí ni. Ó ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, nítorí pé láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná ní Nàìjíríà, àwọn mẹkáníìkì ìhà méjèèjì ẹnubodè sì mọ inú rẹ̀ bí ẹní mowó. Mo wọn ẹ̀yìn rẹ̀: gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2, ìbú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan àti ààbọ̀. Ẹni tí ó ga tó mítà 1.72 bí tèmi lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀ láìká orúnkún.

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí a jọ ṣe é, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, láti ìdílé Àgùdà. Ẹ mọ̀ pé àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Brazil ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ẹlẹ́wà tí ó wà ní ìlú náà, iṣẹ́ igi kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi mí ni iye ìwúwo tí ọkọ̀ náà lè gbé. Ó ní ilé orí ilẹ̀ lè wúwo bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n ilé orí táyà gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kí ó sì kúrú. Nítorí náà a kò lo ìrókò. A fi igi tíìkì onísẹ̀ńtímítà 4 ṣe egungun rẹ̀, a sì fi pákó fẹ́lẹ́ alápapọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní contreplaqué, bò ó. Pákó mẹ́rin ni a lò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2.44, ó fẹ̀ ní mítà 1.22, ó nípọn ní mìlímítà 10, ó sì wúwo tó nǹkan bí kìló 17. Nígbà tí a ti ka igi, páànù, ibùsùn, bátìrì àti omi pọ̀, gbogbo rẹ̀ kò pé kìló 250. Ẹrù iṣu tí ọkọ̀ náà ń gbé tẹ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Gíga inú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.25. Mo lè jókòó, n kò lè dúró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rojọ́ sí i, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, atẹ́gùn yóò máa tì í lójú títì ọlọ́dà, yóò sì máa fì sọ́tùn-ún sósì nínú gegele ọ̀nà ilẹ̀ pupa. Abà ni, kì í ṣe ààfin.

Ọ̀tá mẹ́ta ni irú yàrá yìí ní lọ́dọ̀ wa: oòrùn, òjò àti eruku. Nítorí oòrùn, a fi àyè sẹ̀ńtímítà 4 sílẹ̀ láàárín àjà àti páànù kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá, a sì kun páànù náà ní funfun. Fèrèsé méjì kọjú síra wọn, wọ́n sì ní àwọ̀n ẹ̀fọn. Nítorí òjò, òrùlé dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ìlẹ̀kùn fèrèsé sì so mọ́ òkè, tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá tì í jáde, òun náà di ìbòòrùn. Ètí pákó ni a kùn jù lọ, ìgbà mẹ́ta, nítorí pé ètí ni omi ń gbà wọ inú pákó alápapọ̀ tí yóò fi wú tí yóò sì là. Nítorí eruku, ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀: ọkọ̀ tí ó ń sáré máa ń fa eruku láti ẹ̀yìn wọ inú ara rẹ̀. A fi rọ́bà yí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ká pátápátá, a sì ṣe ihò kékeré kan síwájú lókè, tí mo máa ń ṣí sílẹ̀ bí mo bá ń lọ, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba iwájú wọlé kí ó sì máa ti eruku sẹ́yìn.

Boulon mẹ́fà ni ó dè é mọ́ ara ọkọ̀, pẹ̀lú awẹ́ rọ́bà táyà àtijọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí igi má baà máa lu irin. Ènìyàn mẹ́rin lè tú u kí wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ìdílé bá fẹ́ fi ọkọ̀ kó àgbàdo. Nínú rẹ̀, àpótí méjì ni ó gbé ibùsùn: ọ̀kan fún aṣọ, ọ̀kan fún ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ àti ìwé. Bídọ́ọ̀nù omi méjì, onílítà 20, wà níwájú, kí ìwúwo má baà kó jọ sẹ́yìn. Agbára oòrùn ni ó ń tan iná rẹ̀. N kì í dáná nínú rẹ̀ láé, nítorí èéfín nínú yàrá kékeré lè pa ènìyàn lójú oorun.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wọ agbo ilé wa ní Kétu, àbúrò bàbá mi, tí ó jẹ́ àgbà ilé wa nísinsìnyí, yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó, ó sì pè mí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé agbo ilé yìí wó ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Rárá o, Bàbá.”

Ó ní, “Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886, àwọn tí ó bí wa sùn ní ìta nítorí pé wọn kò ní ilé mọ́. Wọ́n kó wọn lọ sí Àgbómè. Àwọn tí ó kù padà wá, wọ́n tún ilé yìí mọ, kí ọmọ wọn má baà sun ìta mọ́. Ìwọ wá gbé àpótí wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, o ní ibẹ̀ ni o máa sùn.”

N kò ní èsì sí ọ̀rọ̀ yẹn, n kò sì wá èsì sí i. Mo kàn sọ ìtàn opó ọ̀nà Ìlárá fún un, àti bí adìyẹ rẹ̀ ṣe ku ẹyọ kan. Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ó rán mi létí ohun tí gbogbo ọmọ Kétu ń gbọ́ láti kékeré: pé nígbà tí Ẹdẹ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dé, ọ̀dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n ti gba iná. Ó ní ọba tí ó kó gbogbo ilé rẹ̀ dání ṣì tọrọ iná lọ́wọ́ onílé. Nítorí náà, ẹni tí ó gbé yàrá rẹ̀ dání kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni.

Òfin mẹ́ta ni ó fún mi. Èkíní, ní Kétu, ilé bàbá mi ni mo ti gbọ́dọ̀ sùn, kò sí àwáwí. Èkejì, ní ibòmíràn, n kò gbọdọ̀ dúró sí ojú títì. Kí n wọlé kí onílé, kí n mu omi rẹ̀, kí n jẹ oúnjẹ rẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, kí n sì bèèrè ibi tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ dúró sí. Ẹ̀kẹta, kí n má ṣe lọ láìdágbére. Mo ti pa òfin wọ̀nyí mọ́. Mo sì ti rí i pé wọ́n ṣe iṣẹ́ tí pákó àti boulon kò lè ṣe: wọ́n sọ ọkọ̀ mi di abà onílé, kì í ṣe ibi ìfarapamọ́ àlejò.

Ní ọdún tí ó kọjá, ní abúlé kan nítòsí Sábẹ, mo bá ìyá àgbà kan tí àwọn ènìyàn sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ oríkì ilé wọn tó o mọ́. Ó ní kí n má bi òun ní nǹkan kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mo sùn nínú àgbàlá wọn, lábẹ́ igi òro. Kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó wá kí i. Mo jáde, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ mi. Òwúrọ̀ méjì ni ó fi kì wọ́n, láti orí ọmọ náà dé orí ẹni tí ó tẹ agbo ilé náà dó, pẹ̀lú orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ti fara pamọ́ sí lórí òkè ní ìgbà ogun. Bí ọyẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pè mí pé ìyá ti lọ. Níbi ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní kí n fi ohùn náà sí i. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ti Kútọnù wá, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ kékeré náà títí ohùn ìyá rẹ̀ fi dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá tún rí bâchée funfun kan pẹ̀lú ilé lórí, ẹ má ṣe rò pé mo ti kọ ilé bàbá mi. Àyè wà nínú rẹ̀ fún ẹnì kan péré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ju ti ẹnì kan lọ. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ tí ó ń sùn lásán, mo ṣe tán láti fi ìwọ̀n àti ètò rẹ̀ hàn án. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀, kí ó lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó sì jí ní kùtùkùtù. Kí Ọlọ́run dá àwọn àgbà wa sí fún wa, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀ àwọn ọba wa. Àṣẹ.