Nígbà tí Wolé-wolé Ń Bẹ Ilé Ọtí Wò

Nígbà èwe wa, bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé, ara àwọn ìyá tó ń ta bíà ní ìgboro kì í balẹ̀ mọ́. Ìwé àṣẹ ọtí kì í ré ọdún kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn lọ́dún tuntun gbọ́dọ̀ padà sí kánsù lọ tún un gbà. Láísẹ́ǹsì ni gbogbo wa ń pè é. Ọ́ọ̀nù ni ti ilé tí oníbàárà ti ń jókòó mu. Ọ́ọ̀fù ni ti ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbé lọ sílé. Ẹlẹ́mu ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá, ní ilé ọ́ọ̀nù kan. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ló ṣí i, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti ń rin ìlú. Ní 1975 tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údójì, àwọn tíṣà àti akọ̀wé a máa kún iwájú ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú wọn mọ́ ibẹ̀. Star ni wọ́n ń béèrè jù, Star tí wọ́n ti ń pọn ní Ìgànmú láti 1949.

Bí ọdún bá ku díẹ̀, Màmá á ní ká kun ògiri, ká kó gọ́tà, ká da eérú sí ṣáláńgá, nítorí wolé-wolé ń bọ̀. Ọkùnrin náà kì í jókòó. Á lọ tààrà sẹ́yìnkùlé, á wo ibi tí a ti ń fọ ife, á ṣí ìdérí àgbá omi, á béèrè bí ilé ìwé ṣe jìnnà sí wa tó. Lẹ́yìn náà ni kánsù á lẹ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbàwé mọ́ pátákó iwájú ọgbà wọn. Ẹni tí ilé ọtí kan bá ń ni lára láyè láti lọ wí tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Lọ́dún kan, Bàbá Ìmáàmù tí ilé wọn kọjú sí tiwa lọ sí kánsù. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí Màmá gbé síta ń dí wọn lọ́wọ́ nígbà ìrun alẹ́, kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn sùn. Kánsù kò fún Màmá níwèé. Inú bí i gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́, ó mú mi dání, a kọjá sódì kejì, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀rọ náà ń wọlé lónìí.”

“Ìyá Bọ́lá, ohun tí ẹ ń tà, ẹ̀yin àti Ọlọ́run lẹ mọ̀ ọ́n. Oorun àwọn ọmọ ni mo bá lọ.”

Ìwé jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá fi sínú férémù onígíláàsì, ó gbé e kọ́ níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Àwọn méjèèjì kò bínú sí ara wọn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àwọn tó ń ṣe ògógóró ṣáájú wa kò rí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1919, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Saint-Germain, nílẹ̀ Faransé, tó fòfin de sísè ọtí líle ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Bí àwọn èèyàn ṣe wá ń fi ògùrọ̀ ṣe ògógóró, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù àti páìpù bàbà nínú igbó, ọ̀ràn ọba ni. Kò sí ọ́fíìsì tí ọmọ ilẹ̀ lè gbà lọ tọrọ àṣẹ. Ọlọ́pàá á fọ́ ohun èlò, wọ́n á mú èèyàn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ka láísẹ́ǹsì ìgbà tiwa sí ohun iyì: ó ṣeé gbà, aládùúgbò sì lóhùn nínú rẹ̀.

Òfin láísẹ́ǹsì náà kò kú. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi àṣẹ àti àbójútó ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, òfin owó orí ti 1998 sì dárúkọ owó ọ́ọ̀nù àti ọ́ọ̀fù. Bíbẹ ilé wò ló pòórá. Nígbà tó yá, kánsù kan tí n kò ní dárúkọ gbé owó gbígbà náà fún àwọn ọ̀dọ́ kan. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹni tí kò bá rówó san, wọ́n á ti ilé rẹ̀ pa, wọ́n á kó kireeti rẹ̀ sọ́kọ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wá sọ́dọ̀ Màmá, ó san án, ó dúró kí wọ́n wọlé, wọ́n yí padà lọ. “Wọn ò tiẹ̀ wo ṣáláńgá!” Ó dùn ún ju owó náà lọ.

Ó ń dun èmi náà. Ní 2024, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ní kí ọtí inú sáṣẹ́ẹ̀tì kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fún àwọn iléeṣẹ́ láyè sí i. Ní àdúgbò wa, àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé ń rà á ní ìsọ̀ tó fara ti ọgbà ilé ìwé wọn, olówó ìsọ̀ náà sì ní rìsíìtì kánsù lọ́wọ́. Mo ti bá káńsẹ́lọ̀ wa sọ ọ́: ẹ gba owó yín, ṣùgbọ́n ẹ rán ẹnìkan wọlé, kí ẹ sì tún lẹ orúkọ mọ́ pátákó kí ìyá ọmọ lè rí ibi tí yóò ti sọ̀rọ̀.