Lẹ́tà sí Akínwálé tó ń kọ́ṣẹ́ sólà ní Ìkàrẹ́

Akínwálé, ọkọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Ìyá rẹ ní o ti ń bá ọ̀gá rẹ gun òrùlé báyìí. Látìgbà tí mo ti gbọ́, n kì í rí oorun sùn dáadáa.

Má bínú pé mo kọ́kọ́ bá bàbá rẹ jiyàn lórí iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o kọ́ ọ parí, ọmọ mi. Mo fẹ́ ẹ gan-an.

O ò bá bàbá wa láyé. Èédú ló ń já nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Kì í ṣe èédú igi tí a fi ń dáná o, èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Enugu ni. Rélùwéè a gbé e dé Pọtakọ́ọ̀tù, ọkọ̀ ojú omi a gbé e wọ Èkó, torí òun ni wọ́n ń dà sí iná ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra láti 1923. Bí bàbá bá wálé ọdún, ìyá wa a fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ọwọ́ rẹ̀ títí. Dúdú abẹ́ èékánná yẹn ò lọ. Mo máa ń di ìka rẹ̀ mú, màá máa wò ó.

Nígbà tó yá, rélùwéè bọ́ sórí dísẹ́ẹ̀lì, iná ìjọba bọ́ sórí gáàsì. Bàbá kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀kà, òun àti ikọ́ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ebè.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan o. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èédú tanná fún ará ìlú ní 1882. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2024, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilé iṣẹ́ mànàmáná oníèédú wọn tó kẹ́yìn pa, Ratcliffe-on-Soar, nítorí èéfín tó ń mú ayé gbóná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ kó èédú ni àánú wọn ń ṣe mí.

Ìwọ ò ní dúró di ìgbà tí iṣẹ́ á fi ọ́ sílẹ̀, ọkọ mi. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀.

Òrùlé ni ọkàn mi ò balẹ̀ sí. Má gun èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Fi okùn so ara rẹ. Bí ọ̀gá bá ń kánjú, sọ pé àǹtí rẹ ló ní kí o so ó.

Wá ní Sátidé. Mo ti fi púpurú pa mọ́ dè ọ́. Mú okùn náà dání, kí n fojú ara mi rí i.

Àǹtí rẹ, ní Ọ̀kà