Ọ̀wẹ̀ Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin
Mo fi Hadoop ka iye ọ̀rọ̀ inú àwọn ìwé Yorùbá; ó pín iṣẹ́ náà fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin bí ọ̀wẹ̀. Méjì kìlọ̀ pé àwọn kò lè lo libhadoop, fáìlì tí a ṣe ní èdè ẹ̀rọ. Java ni àwọn yóò lò. Àwọn kan ní kí n gbójú fò ó. Ẹ̀yin ará, bí a bá rí erin, ẹ jẹ́ kí á sọ pé a rí erin: láìsí libhadoop, ìwé tí a fi zstd fún pọ̀ kò ṣeé tú. Àṣẹ file tú àṣírí: x86 ni a ṣe libhadoop wọn fún, ARM sì ni wọ́n. Mo fi ti ARM rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ẹni tí ó bá bẹ ọ̀wẹ̀, kí ó bá olúkúlùkù sọ èdè tirẹ̀.