Kí Ni Ọ̀gá Ń Wá Lórí Òṣìṣẹ́?

Ní Molutehin, ìlú wa létí òkun Ìlàjẹ, irun kọ́ la fi ń mọ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá mọ àwọ̀n dà, tó mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, iṣẹ́ ti yé e nìyẹn. Apárí wà nínú ọkọ̀, onírun wà níbẹ̀, ẹja kò bi ẹnì kankan léèrè. Obìnrin tó ń yan ẹja wé gèlè nítorí èéfín. Ohun tó wà lábẹ́ gèlè kò kan ẹni tó wá rajà. Ìgbà tí àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọ́fíìsì, ní Ìgbókòdá, ní Òkìtìpupa, ní Àkúrẹ́ títí dé Èkó, ni irun tó ń re di ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́.

Ẹni tó bá mọ etíkun wa á ti máa retí kí n fi òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wé irun tó ń re. N ò ní ṣe é. Ilé àwọn èèyàn ló wà nínú omi yẹn.

Orí tèmi ti pá kí n tó pé ogójì ọdún. Ti bàbá mi pá, ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́kùnrin náà pá. Ọ̀dọ̀ tọ̀tún tòsì ni irú rẹ̀ ti ń wá. Ó ti ìkángun iwájú orí bẹ̀rẹ̀, ó dé àtàrí, ó sì pàdé ara rẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní bàbá nígbà tí n kò tíì tó bàbá, n kò sì kọ̀ ọ́. Ọkùnrin rọ́gbọ́n dá sí i: fìlà wà, abẹ wà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ lónìí lè fá ìyókù kanlẹ̀, kó fi òróró díẹ̀ pa á, kó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ọ̀ràn bùṣe. Ohun tí n kò gbà ni dáì dúdú tí àwọn onígbàjámọ̀ fi ń ya ìlà irun sí iwájú orí. Ọ̀sán kan péré, òógùn ti gbé ìlà náà dé kọ́là.

Àwọn obìnrin ni ọ̀ràn náà dùn jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà létò nígbà gbogbo. Létò lójú tiwọn ni kó nà, kó gùn, kó má ṣe rí bí ó ṣe hù. Nítorí náà ó ń fi rìlásà nà án, ó ń di àtáṣímẹ́ǹtì tó le lé e lórí; bó bá tú u, wíìfọ́n ló kàn. Lálẹ́ ọjọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun, parasitamọ́ ló ń gbé mì kó tó rí oorun sùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, irun iwájú orí àti ti ẹ̀bá etí lọ. Ọ̀gá kan náà tó ń béèrè ètò ló wá ń sọ pé ìrísí rẹ̀ kò bá ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn mu mọ́. Iṣẹ́ ló jẹ irun náà, iṣẹ́ náà ló tún ń bínú pé irun kò sí.

Òun nìkan kọ́. Ìwádìí àwọn dókítà Cape Town tó jáde ní 2007 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú obìnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́ta tí wọ́n yẹ orí wọn wò ni fífà ti mú irun ẹ̀bá orí rẹ̀ lọ. Dídì lé orí irun tí rìlásà ti kọjá lára rẹ̀ ló burú jù. Ìrora ni àmì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà èéwo kéékèèké nídìí irun. Ẹni tó bá sọ fún onídìrí nígbà yẹn pé kó dẹ̀ ẹ́, tàbí tó tú u, irun rẹ̀ á padà. Bí àpá bá ti wà níbi tí irun ń hù, kò sí ìpara tó lè jí i. Àwọn ìyá wa náà dì, wọ́n kó, ṣùkú àti kòlẹ́sẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn, ṣùgbọ́n irun ara wọn ni, kò sí ẹrù irun ẹlòmíràn tó ń fà á wálẹ̀.

Irun tó ń re lẹ́yìn ibà líle tàbí ìbímọ yàtọ̀. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń padà fúnra rẹ̀. Làpálàpá orí ń fẹ́ òògùn gidi. Ti àwa tó jẹ́ ti ìdílé, wọ́n ní ká lo minoxidil. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni tẹ́lẹ̀, kí irun tó bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára àwọn tó ń lò ó. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún orí pípá ní 1988. Ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, irun ọ̀hún á tún re. Nítorí náà dókítà awọ ara ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó fún alágbo inú ọkọ̀ lówó.

Kò yẹ ká ṣe bí ẹni pé òyìnbó ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ irun. Àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin láyé àtijọ́, apá kan orí ni wọ́n máa ń fá, kí ará ọ̀nà lè mọ ẹni tó rán wọn. Àmì iṣẹ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń wò ó bóyá irun wọn pọ̀. Ẹ wá wo àwọn lọ́yà wa pẹ̀lú wíìgì wọn. Ọba Louis Kẹtàlá ilẹ̀ Faransé, tí irun rẹ̀ tètè re, wà lára àwọn tó sọ wíìgì di àṣà ààfin. Àṣà náà dé England, ó wọ kóòtù, òyìnbó gbé e wá bá wa nínú ooru, a sì ń làágùn lábẹ́ irun ẹṣin títí dòní. Ní oṣù Kẹwàá 2008, England bọ́ ọ lórí àwọn adájọ́ nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Lóṣù kan náà ni ìgbẹ́jọ́ àwa ará Ìlàjẹ pẹ̀lú Chevron, ilé iṣẹ́ epo, bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco, lórí ìbọn tí wọ́n yìn fún àwọn èèyàn wa ní Parabe, ibi ìwapo wọn lórí òkun, ní 1998. Lọ́yà ibẹ̀ kì í dé wíìgì. A pàdánù ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n irun kọ́ ló fà á.

Ní 2022, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kan ní England gbọ́ ẹjọ́ oníṣẹ́ iná mànàmáná kan tí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ fi orí pípá bú. Wọ́n ní ìyọlẹ́nu tó kan jíjẹ́ ọkùnrin ni, torí ọkùnrin ló sábà ń pá lórí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jókòó ẹjọ́ sì fi ara wọn ṣe ẹlẹ́rìí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn ní 2023. Ó dára fún àwa ọkùnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ọ̀gá ń wo iwájú orí rẹ̀ kó tó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òfin wo ló ń bá a sọ̀rọ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gé irun náà mọ́lẹ̀. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé dókítà ló ní kó má di nǹkan kan mọ́, ó sì ní bí wọ́n bá fẹ́ kó bo orí, òun á wé gèlè pẹlẹbẹ, òun kò ní dé wíìgì. Mo ní kó fi ẹ̀dà lẹ́tà náà pamọ́. Wọn kò tíì dá a lóhùn, ó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.